Pátákó lẹ́ńsì fún kámẹ́rà onígi ilé wa: ẹ bá mi dá sí i

ỌmọOnífọ́tò (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kámẹ́rà onígi kan wà nílé wa tí bàbá bàbá mi fi ń ya àwọn èèyàn kí wọ́n tó bí mi. Thornton-Pickard ni, half-plate (orúkọ ìwọ̀n gíláàsì fọ́tò tó ń gbà), èyí tí wọ́n ṣe ní Altrincham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi rẹ̀ ṣì le koko, idẹ ara rẹ̀ ò tíì jẹ, ẹwìrì rẹ̀ ò sì lu. Mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn. (Ẹwìrì ni mò ń pè é nítorí pé bíi ti alágbẹ̀dẹ ló ṣe ń nà tó ń sún kì. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá.) Lẹ́ńsì ni kò sí, àti pátákó tí lẹ́ńsì máa ń jókòó lé níwájú. Wọ́n ní ìgbà kan tí nǹkan ò rọgbọ ni wọ́n ta lẹ́ńsì, pátákó sì bá a lọ.

Mo ti ra lẹ́ńsì àlòkù kan, Symmar-S 210mm, nínú ṣọ́tà Copal 1 (ṣọ́tà ni ohun tó ń ṣí tó sì ń pa kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé). Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n gé páálí líle, kí n dá ihò sí i, kí n wá fi tépù dúdú lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú kámẹ́rà. Báwo ni ihò yẹn ṣe máa fẹ̀ tó? Ṣé dandan ni kó wà ní àárín gbùngbùn? Irinṣẹ́ ọwọ́ mi ò pọ̀: dírílì kan, fáìlì, rúlà.

ÀǹtíHalfPlate (Lọ́ńdọ̀nù)

Kú iṣẹ́, àbúrò. Ihò Copal 1 jẹ́ 41.6 mìlímítà. Ti Copal 0 jẹ́ 34.6, ti Copal 3 jẹ́ 65. Tó bá jẹ́ ṣọ́tà ayé àtijọ́ ni ti ẹlòmíì tó ń ka èyí, má ṣe wo ohun tí wọ́n kọ síbì kankan, kálípà, irinṣẹ́ tá a fi ń wọn ìbú nǹkan, ni kó o gbé lé e.

Lẹ́ńsì tó o rà bá a mu. Half-plate jẹ́ ínṣì 4¾ sí 6½. Láti igun kan dé ìkejì, ó lé díẹ̀ ní 204 mm. Symmar-S 210 bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, àyè á tún ṣẹ́ kù tó o bá fẹ́ gbé iwájú kámẹ́rà sókè láti ya ilé gíga.

Ṣùgbọ́n páálí àti tépù? Rárá o. Lẹ́ńsì yẹn wúwo. Lọ́jọ́ tí oòrùn Ìbàdàn bá mú, tépù á jọ̀wọ́ rẹ̀, wàá sì gbọ́ ìró tí o ò ní gbàgbé láyé. Mo mọ̀ ọ́n torí pé mo ti gbọ́ ọ rí, lórí símẹ́ńtì, níwájú àwọn tọkọtaya tó wá ya fọ́tò.

Èmi, Gandolfi ni mò ń lò. Louis Gandolfi dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885, ní Peckham níbí sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣe é títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àdúgbò tá a ti ń ra gàrí àti pọ̀nmọ́ lónìí náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ kámẹ́rà nígbà náà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

BàbáKáfíńtà (Abẹ́òkúta)

Ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń kàn, n ò ya fọ́tò. Ọmọ mi ló ń yà á, èmi ni mo sì ṣe pátákó mẹ́ta fún kámẹ́rà rẹ̀, nítorí náà mo lè dá sí i díẹ̀.

Ihò lò ń béèrè, ọmọ mi. Ihò kọ́ ni wàhálà. Ṣọ́tà á bò ó níwájú, òrùka á dì í mú lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ kankan ò ní gbabẹ̀. Etí pátákó ni kó o bẹ̀rù, ibi tí igi ti pàdé igi. Ìmọ́lẹ̀ ò mọ kọ́nà yà. Tó bá ti débi tó ti gbọ́dọ̀ yà lẹ́ẹ̀mejì, ó parí síbẹ̀.

Wo iwájú kámẹ́rà rẹ dáadáa. Á ní ibi tí wọ́n gbẹ́ wọlé yíká bí àtẹ, tí pátákó ń jókòó sí, lẹ́yìn rẹ̀ ni ihò ńlá tó wọ inú ẹwìrì wá wà. Pátákó rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ awẹ́ méjì tá a lẹ̀ pọ̀. Awẹ́ iwájú á jókòó sínú àtẹ yẹn. Awẹ́ ẹ̀yìn kéré jù ú lọ, á wọ inú ihò ńlá yẹn ṣinṣin. Àtẹ̀gùn kékeré tí awẹ́ méjèèjì bá fi ṣe ara wọn yíká, ìyẹn ni kọ́nà tí mò ń sọ. Páálí tó o ní lọ́wọ́ yẹn, má sọ ọ́ nù, òun ni kó o kọ́kọ́ fi ṣe àwòṣe. Tí páálí bá wọlé tí kò sì mì, ìgbà yẹn ni kó o tó gbé ayùn.

Má sì wọn ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Wọn òkè, wọn ìsàlẹ̀, wọn ọ̀tún, wọn òsì. Igi tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún kì í dọ́gba mọ́.

ỌmọOnífọ́tò

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Òótọ́ ni, àtẹ yẹn wà níbẹ̀, eruku ti dí i pa ni mi ò ṣe rí i. Ó jìn tó 4 mm. Lókè ó fẹ̀ tó 108, nísàlẹ̀ 107! Ihò ẹ̀yìn jẹ́ 92 níbi gbogbo. Irú igi wo ni kí n lò? Ọ̀gànwó kan wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n fi ṣe ibùsùn tẹ́lẹ̀.

BàbáKáfíńtà

Gé awẹ́ iwájú ní 106 àti ààbọ̀, awẹ́ ẹ̀yìn ní 91. Má jẹ́ kó há. Inú oṣù wo lo ti fẹ́ gé e? Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lo gé e tó sì wọlé gẹ́lẹ́, nígbà tí òjò bá dé á wú, o ò ní lè yọ ọ́ láìfi ọ̀bẹ họ ara kámẹ́rà bàbá rẹ.

Ọ̀gànwó dára lójú ṣùgbọ́n tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, á ká. Pláíwúùdù 3 mm ni kó o lò fún méjèèjì. Awẹ́ inú rẹ̀ dábùú ara wọn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ká. Èyí tó dì dáadáa o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń bo àjà tó ní ihò nínú bíi búrẹ́dì. Tó bá jẹ́ dandan ni kó o lo ọ̀gànwó nítorí ẹwà, gé e ní pẹlẹbẹ kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pláíwúùdù.

Gọ́ọ̀mù funfun ni kó o fi lẹ̀ ẹ́, kó o gbé òkúta lé e di ọjọ́ kejì.

ÀǹtíHalfPlate

Ohun tí bàbá sọ yìí tún yanjú nǹkan mìíì tí wọn ò tíì dárúkọ. Okùn ẹ̀yìn ṣọ́tà Copal (ìlà yíyípo bíi ti skúrù tí òrùka ń yí mọ́) kúrú. Tí pátákó bá nípọn tó 6 mm, òrùka tó ń dì í mú ò ní rí ibi mú. Nítorí náà, ihò awẹ́ iwájú ni kó jẹ́ 41.6. Ihò awẹ́ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wọn ìta òrùka yẹn, fi ìwọ̀n 4 tàbí 5 mm kún un kí ohun tó o fi ń yí i lè ráàyè wọlé. Báyìí, òrùka á dì mọ́ igi 3 mm péré.

Nípa àárín gbùngbùn: má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ti èmi fi 4 mm tẹ̀ sí òsì, n kò sì rí ìyàtọ̀ kankan nínú fọ́tò, torí iwájú kámẹ́rà wọ̀nyí ń lọ sókè sódò lọ́nàkọnà. Pátákó kámẹ́rà Linhof Technika gan-an, tó jẹ́ 96 sí 99 mm, kì í ní ihò láàárín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ilé iṣẹ́ wọn ní Jámánì. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni kí pátákó dúró gbọọrọ, kó má dà síwájú tàbí sẹ́yìn. Bó bá dà, apá kan fọ́tò á mú, apá kejì á rí bàìbàì.

ṢọlẹNíHouston

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi, Calumet CC-400 ni mò ń lò, èyí tí pátákó rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4 sí 4, kò sí ohun tó rọrùn tó o láyé. Alumíníọ́ọ̀mù 2 mm ni mo gé, mo fi rọ́bà dúdú lẹ̀ yíká ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti parí. Ìṣẹ́jú ogójì.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tá a ń gbẹ́ igi ní ayé yìí? Ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní 3D wà níbi púpọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn báyìí. Ẹ ya á lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ránṣẹ́, àtẹ̀gùn bàbá yẹn á ti wà lára rẹ̀ láìlo gọ́ọ̀mù.

ÀǹtíHalfPlate

Ṣọlẹ, irú ike wo ni ẹ̀rọ yẹn fi ń tẹ nǹkan? Tó bá jẹ́ PLA ni, ó ń rọ̀ tó bá ti sún mọ́ 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú mọ́tò tí wọ́n gbé sí oòrùn ní Dùgbẹ̀ á débẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Lẹ́ńsì á kàn tẹ orí ba díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

ṢọlẹNíHouston

😂 Ọ̀rọ̀ yín kò burú. Ike PETG ni kí wọ́n lò nígbà náà, ó lè fara da ooru jù ú lọ. Àti pé kí ó nípọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú àwọn tó fẹ́lẹ́ kọjá bó ti wù kí wọ́n dúdú tó. Ẹ gbé e sójú oòrùn kẹ́ ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi 3D tẹ ń tàn bíi fìtílà.

BàbáKáfíńtà

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbẹ́ igi rẹ̀ o jàre.

ỌmọOnífọ́tò

Igi náà ni màá gbẹ́. Báwo ni mo ṣe máa dá ihò 41.6 láìsí bíìtì ńlá?

BàbáKáfíńtà

Ká ní ṣọ́tà 0 lo ní ni, ì bá dùn: bíìtì 35 mm tí a fi ń lu ojú hínjì kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ló bá a mu, gbogbo káfíńtà tó mọ iṣẹ́ ló ní in. Fún tìrẹ, ayùn olóbìrípo tí wọ́n ń kì bọ ẹnu dírílì wà ní ínṣì 1 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Ìyẹn á fún ọ ní 41 àti díẹ̀, sáńpépà tó o ká mọ́ igi roboto á sì parí ìyókù. Tó ò bá rí i yá, fi kọ́ńpáàsì fa òbìrípo, fi bíìtì kékeré lu ihò wẹ́wẹ́ yíká inú ìlà náà, kí wọ́n fara kan ara wọn, tì í jáde pẹ̀lú àtàǹpàkò, kó o fi fáìlì tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí oṣù fá a títí dé orí ìlà. Fi igi jákujàku kan sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tó o bá ń lu, kí ẹ̀yìn pláíwúùdù má fà ya.

Dá ihò kó o tó gé etí. Pátákó ńlá rọrùn láti dì mú, èyí tó ti kéré á fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

(ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà)

ỌmọOnífọ́tò

Mo ti gbẹ́ ẹ. Ó wọlé! Àmọ́ nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Bí mo bá ti òrùka dé ìparí, ṣọ́tà ò jókòó pẹrẹsẹ. Ó ń mì lápá kan, mo sì ń rí àyè tínrín kan láàárín òun àti igi. Mo ti fi sáńpépà dan ojú pátákó lẹ́ẹ̀mẹta.

ÀǹtíHalfPlate

Dá sáńpépà dúró! Yí ṣọ́tà náà padà kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Skúrù kan báyìí ló wà níbẹ̀ tó yọ orí jáde, kò tóbi ju ọkà bàbà lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ṣọ́tà má yí lórí pátákó. O lè tú u kó o tọ́jú ẹ, tàbí kó o fi bíìtì kékeré gbẹ́ ojú ihò fún un létí ihò ńlá. Ìkejì ni mo fẹ́ràn, torí bí kò bá sí i, ọjọ́ kan á wà tó o máa fa ọ̀pá ṣọ́tà, gbogbo rẹ̀ á sì yí.

Ọ̀kan tún kù: nígbà tó o bá tú ojú ẹ̀yìn lẹ́ńsì kúrò láti fi ṣọ́tà sí pátákó, wò ó bóyá òrùka pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan wà láàárín. Bó bá wà, ibi tó ti kúrò gan-an ni kó padà sí. Má sì fi ẹnu sìkúrúdíráfà ti òrùka ńlá yẹn yípo. Ó máa ń yọ̀, gíláàsì ló sì máa ń já lé. Gé páànù nípọn kan ní ìwọ̀n òrùka náà, kó o dá eyín méjì sí i, ìyẹn ti tó.

ỌmọOnífọ́tò

Àǹtí, ọkà bàbà náà ni! Ó ti jókòó báyìí, kò mì mọ́. Ṣùgbọ́n òrùka, mo ti fi sìkúrúdíráfà ṣe é kí n tó ka ọ̀rọ̀ yín. Ó họ dúdú ara rẹ̀, kò kan gíláàsì. Ọlọ́run ló yọ mí.

Bí màá ṣe kùn ún ló kù. Ẹnìkan ní ọjà ní kí n gún dúdú inú bátìrì òkú pọ̀ mọ́ ewé ẹ̀gẹ́, kí n fi kùn ún, bí a ṣe máa ń ṣe sí pátákó ìkọ̀wé nílé ìwé.

BàbáKáfíńtà

Ah! Mo rántí o. Ọwọ́ wa á dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan, tíṣà á sì tún nà wá pé a ò gún un kúná.

ÀǹtíHalfPlate

Ó dúdú lóòótọ́, kì í sì í dán. Ṣùgbọ́n á máa gbọn, ìyẹ̀fun rẹ̀ á sì máa já sí ẹ̀yìn gíláàsì àti orí fíìmù. Ohun inú bátìrì náà tún ń jẹ idẹ. Lọ ra ọ̀dà dúdú tí kì í dán, èyí tí wọ́n ń fín. Ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹ̀yìn, àti ẹ̀gbẹ́ ihò tí fáìlì fá. Gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn, òun ló sì máa ń ta ìmọ́lẹ̀ funfun sí àárín fọ́tò. Iwájú, tó o bá fẹ́, fi fánísì kùn ún kó bá igi kámẹ́rà mu.

Lẹ́yìn náà, dán an wò báyìí. Ti ṣọ́tà pa. Gbé kámẹ́rà kọjú sí oòrùn, yọ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, ki orí bọ̀ ọ́, kó o fi aṣọ dúdú bo ara rẹ mọ́ ọn títí dé àyà kí ìmọ́lẹ̀ má gba ẹ̀yìn wọlé. Jókòó síbẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Ojú kì í bá òkùnkùn mọra kíákíá. Àwọn tó bá wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí wọ́n ní kò jò, irọ́ ni.

ṢọlẹNíHouston

Kó tún sọ fún àwọn aládùúgbò ẹ kó tó ṣe é o, kí wọ́n má pe aláfà.

(ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

ỌmọOnífọ́tò

Ó jò. Ní ìṣẹ́jú kẹta ni mo tó rí i: ìlà tín-ín-rín bí irun orí, ní igun òkè lápá ọ̀tún, níbi tí kámẹ́rà ti fẹ̀ tó 108. Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá nípa wíwọn òkè àti ìsàlẹ̀. Mo ti gé e gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, síbẹ̀ àyè yẹn fẹ̀ jù lókè.

BàbáKáfíńtà

Má gé òmíràn. Wá aṣọ àrán dúdú, èyí tí àwọn ìyá ń rán mọ́ fìlà. Gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ̀ ẹ́ yíká inú àtẹ̀gùn náà. Irun rẹ̀ á kún àyè yẹn, á sì fún igi láyè láti wú nígbà òjò. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ o, tó bá mu ún yó, irun rẹ̀ á le bíi búrọ́ọ̀ṣì.

ÀǹtíHalfPlate

Àrán gan-an ni Gandolfi mi ní lára. Bàbá, ẹ̀yin náà ti di oníkámẹ́rà.

ConvertNíÌlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń ka èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ńsì idẹ àtijọ́ kan ló wà lọ́wọ́ tèmi, kò ní ṣọ́tà rárá. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

ÀǹtíHalfPlate

Pátákó kan náà ni. Àmọ́ irú yẹn kì í lo òrùka ẹ̀yìn, idẹ roboto kan ló ń jókòó sójú pátákó pẹ̀lú skúrù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí lẹ́ńsì á sì yí wọ inú rẹ̀. Dá ihò tó gba okùn lẹ́ńsì kọjá, kan idẹ náà mọ́ ọn. Bí idẹ yẹn bá ti sọnù, ìyẹn ni wàhálà gidi. Gbé lẹ́ńsì lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lééfì tún irin ẹ́ńjìnnì ṣe, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Ṣọ́tà ò sí, ìdérí lo máa fi ṣí i kó o sì dé e, nítorí náà nǹkan tí kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀ ni kó o fi yà á.

(ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)

ỌmọOnífọ́tò

Ẹ̀yin ará, kò jò mọ́. Fíìmù half-plate ò sí nítòsí, nítorí náà ìwé fọ́tò dúdú-funfun ni mo gé nínú iná pupa, mo kì í bọ inú àpótí gíláàsì bàbá àgbà, mo fi páálí tì í lẹ́yìn kó má baà rọ̀ sẹ́yìn. Mo kà á sí ISO 6 (ìwọ̀n bí ìwé náà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí). Ihò lẹ́ńsì f/22, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, aago mọ́kànlá òwúrọ̀, iwájú ilé wa.

Gbogbo páànù orí òrùlé hàn, títí dé èyí tó ti dógùn-ún. Àbúrò mi mì, ó dà bíi pé orí méjì ló ní. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù: mo fi nǹkan bí 2 cm gbé iwájú sókè, nígbà tí mo fi padà wò ó, ó ti sọ̀ fúnra rẹ̀.

ÀǹtíHalfPlate

Lẹ́ńsì ló wúwo jù fún un. Fún skúrù idẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́, okùn inú wọn ti gbó. Bó o bá rí lẹ́ńsì Kodak Ektar 203mm f/7.7 lówó pọ́ọ́kú lọ́jọ́ kan, gbà á. Ó kéré, ó fúyẹ́, kámẹ́rà irú èyí á gbé e láìmí gùle.

BàbáKáfíńtà

Tó bá rí i, kó wọn ẹ̀yìn ṣọ́tà rẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí mi. Pláíwúùdù tó ṣẹ́ kù níbí á tó pátákó méjì. Ṣùgbọ́n kó yá o, mo ń kan ilẹ̀kùn ilé ìwé kan láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

ỌmọOnífọ́tò

Bàbá, mo dúpẹ́. Àbúrò olórí méjì ní kí n kí yín.